Ta ló mọ ìtàn àwọn ọmọ Òkè-Ògùn tí wọ́n kó lọ sí Bọ́má? Bàbá wa kan kò padà wálé

ỌmọÒkèÒgùn kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan, pàápàá ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ gbọ́ ìtàn Ogun Hítílà lẹ́nu àwọn tó jà á.

Àbúrò bàbá mi àgbà ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Àlàbí ni oríkì rẹ̀. Orúkọ tí àwọn ààfáà sọ ọ́ wà nílé, ṣùgbọ́n n kò ní kọ ọ́ síbí títí mọ̀lẹ́bí á fi fọwọ́ sí i. Abúlé wa kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, iṣu àti òwú ni wọ́n ń gbìn nígbà yẹn. Ọdún 1942 ló wọṣẹ́ ṣọ́jà. Àwọn kan nílé ní òun fúnra rẹ̀ ló dìde lọ, pé owó ló ń wá. Àwọn mìíràn ní baálẹ̀ ni wọ́n ní kó mú èèyàn wá, tó sì mú ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú, tí kò sẹ́ni tó máa bá a jà. Kò sẹ́ni tó lè fìdí èyí tó jẹ́ òótọ́ múlẹ̀ mọ́ nínú ilé wa, àríyànjiyàn ẹ̀ ò sì tíì tán dòní.

Fọ́tò kan ṣoṣo ló ránṣẹ́ láti Ìbàdàn kí wọ́n tó kó wọn lọ. Ó wọ ṣòkòtò péńpé kákí àti fìlà pupa, ẹsẹ̀ lásán ló fi dúró, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ẹ̀yìn àga. Ìyá rẹ̀ a máa fi ìka nu ojú fọ́tò náà ní gbogbo ìgbà tó bá mú un jáde, títí ojú ọmọ náà fi parẹ́ pátápátá. Ohun tó kù tá a fi ń mọ̀ pé òun ni ni àtàǹpàkò tó wà lórí àga yẹn: àpá ibi tí àdá gé e sí lóko nígbà tó wà lọ́mọdé ṣì hàn níbẹ̀ kedere.

Lẹ́yìn tí ogun parí ni ajẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ pe baálẹ̀, wọ́n ní Àlàbí ti kú sí Bọ́má, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí. Kò sí òkú, kò sí ẹrù, kò sẹ́ni tó bá wọn sọ bó ṣe kú. Ìyá rẹ̀ ní òun ò gbà. Ó ní òun ò rí òkú, òun ò lè ṣọ̀fọ̀. Kò jẹ́ kí wọ́n pe ààfáà wá ṣe fídáù. Kò jẹ́ kí wọ́n ṣú opó rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, torí tí wọ́n bá ṣú opó, a jẹ́ pé ọkọ ti kú nìyẹn. Ìyàwó náà ti lóyún nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ. Obìnrin ló bí. Ó fi ọmọ yẹn dúró sílé ọkọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í ṣe opó, kì í sì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni, àfìgbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ kú ni bàbá mi àgbà tó ṣú u.

Ọmọ náà ṣì wà láàyè. Ìyá wa àgbà ni, wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Àwọn ló pè mí lọ́jọ́ Àìkú ìjẹta, wọ́n ní ṣé nǹkan tí ẹ̀ ń tẹ̀ lọ́wọ́ yìí kò lè bá àwọn wá ibi tí wọ́n sin bàbá àwọn sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ibi téèyàn á ti bẹ̀rẹ̀?

TíṣàÀgbà kọ:

Ẹ kú àròjinlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ mi. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn títí mo fi fẹ̀yìn tì, ibi tí mo sì mọ̀ nìyí.

Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá méjì ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó jọ láti Nàìjíríà, Gold Coast tó di Gánà, Sierra Leone àti Gáḿbíà lọ sí Bọ́má. Àkọ́kọ́ ni Dífíṣọ̀n 81, tí àmì rẹ̀ jẹ́ aláǹtakùn. Ọdún 1943 ni wọ́n wọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà. Èkejì ni Dífíṣọ̀n 82, tí àmì rẹ̀ jẹ́ ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn. Wọ́n tẹ̀ lé e lọ́dún 1944. Agbègbè Arakan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jà, ní ẹ̀bá òkun Bọ́má níhà ìwọ̀-oòrùn, àti ní àfonífojì odò Kaladan. Bàtálíọ̀nù mẹ́ta láti Nàìjíríà, ìkẹfà, ìkeje àti ìkejìlá, ni wọ́n tún yà sọ́tọ̀ tí wọ́n fi kún àwọn Chindits, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó lọ jà lẹ́yìn ọ̀tá ní 1944.

Ibi tẹ́ ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ ni ojú-òpó àjọ tó ń tọ́jú ibojì àwọn ológun Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, CWGC ni wọ́n ń pè é. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tí wọ́n mọ ibojì wọn wà níbẹ̀, àwọn tí wọn ò mọ ibojì wọn náà wà níbẹ̀. Ní Taukkyan, nǹkan bíi kìlómítà 35 sí ìlú Rangoon tí wọ́n ń pè ní Yangon báyìí, ibojì tó lé ní 6,000 ló wà níbẹ̀. Láàárín itẹ́ òkú yẹn ni wọ́n kọ́ ìrántí kan sí, òpó òkúta lọ́tùn-ún lósì, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1958. Orúkọ àwọn ológun tó súnmọ́ 27,000 tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibojì wọn ni wọ́n gbẹ́ sára àwọn òpó náà. Bí wọn ò bá rí òkú bàbá yín sin síbi tó ní àmì, ó ṣeé ṣe kí orúkọ wọn wà lára òpó yẹn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń pa ọ̀pọ̀ mọ̀lẹ́bí lójú dé. Ẹ má fi orúkọ ìdílé yín wá wọn. Nígbà yẹn, bí ọmọ oko bá dé iwájú akọ̀wé tó ń gbani síṣẹ́ ológun, orúkọ kan ló máa dá. Akọ̀wé á bi í pé ìlú wo lo ti wá, orúkọ ìlú yẹn náà ló máa kọ sí ibi orúkọ bàbá. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí àìmọye ológun tó ń jẹ́ Ìbàdàn, tó ń jẹ́ Ọ̀yọ́, tó ń jẹ́ Ìlọrin, tó ń jẹ́ Kánò. Ẹ fi orúkọ tí ààfáà sọ wọ́n wá wọn, kẹ́ ẹ fi Ìsẹ́yìn ṣe orúkọ bàbá. Kẹ́ ẹ sì gbìyànjú onírúurú ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ṣi Ìsẹ́yìn kọ: kí wọ́n gbàgbé N ìkẹyìn, kí wọ́n fi SH sí i, kí wọ́n kọ ọ́ bí akọ̀wé tí kì í ṣe Yorùbá ṣe gbọ́ ọ. Nọ́ńbà ológun ọmọ Nàìjíríà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA. Bí ìwé èyíkéyìí bá kù nílé tó ní nọ́ńbà yẹn, ó ju orúkọ lọ.

ỌmọÒkèÒgùn kọ:

Ẹ ṣeun púpọ̀, sà. Ìwé kan wà tí wọ́n ní ìyá rẹ̀ fi ń gba owó tó ń yà sọ́tọ̀ fún un nínú owó oṣù rẹ̀. Màá béèrè.

ÀdùkẹMọ́kọ́lá kọ:

Ní Mọ́kọ́lá nílùú Ìbàdàn níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ojoojúmọ́ là ń kọjá níwájú báréékì Letmauk. Gbogbo wa rò pé orúkọ ọ̀gá ṣọ́jà òyìnbó kan ni. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ibi tí àwọn ọmọ wa ti ja ìjà gbígbóná ní Bọ́má lọ́dún 1945 ni. Dódàn Bárékè ní Èkó tí ìjọba àwọn ológun fi ṣe ibùjókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti Bọ́má lorúkọ yẹn ti wá. Arakan ní Àpápá, Bọ́má náà ni. Àwọn ọlọ́kọ̀ ń pe orúkọ wọ̀nyí láàárọ̀ lálẹ́ láti fi kó èrò.

Inú mi bàjẹ́ pé a gbé orúkọ ibi tí wọ́n kú sí wálé, a ò gbé orúkọ àwọn tó kú wá. Mi ò tíì rí abúlé kan ní gbogbo ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ṣakí tó kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ tó kú sí ogun yẹn sára ògiri gbọ̀ngàn ìlú. Orúkọ ẹni tó dá owó simẹ́ǹtì gbọ̀ngàn náà ló wà níbẹ̀.

ỌmọẸmùrẹ kọ:

Ìlú Ẹmùrẹ-Ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀wọ̀ ni mo ti wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí níbẹ̀, kó gbọ́ ìtàn bàbá wa Isaac Fadoyebo.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n nígbà tí wọ́n wọṣẹ́ ológun ní 1942. Wọn ò sí lára àwọn tó ń yìnbọn. Àárín àwọn tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi wọ́n sí, nínú Dífíṣọ̀n 81. Ní oṣù Kẹta 1944, létí odò Kaladan, àwọn ọmọ ogun Jàpáànù yọ sí wọn lójijì ní àárọ̀. Ìbọn ba ẹsẹ̀ wọn, ó sì tún bà wọ́n níkùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kú ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Àwọn àti ọmọ Sierra Leone kan, David Kagbo, ni wọ́n ṣẹ́kù sínú igbó, wọn ò lè rìn.

Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan ládùúgbò yẹn, Shuyiman lorúkọ rẹ̀, ló ń gbé oúnjẹ lọ bá wọn, òun ló sì gbé wọn wọ ilé ara rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Bí àwọn ará Jàpáànù bá rí wọn níbẹ̀, pípa ni wọn ìbá pa gbogbo ilé náà. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀ títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé ní oṣù Kejìlá. Bàbá padà sí Ẹmùrẹ pẹ̀lú ẹsẹ̀ títiro, wọ́n sì ṣiṣẹ́ ìjọba ní Èkó. Ní 2011, akọ̀ròyìn kan gba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn, ó sì gbé e dé abúlé tí Shuyiman gbé láyé. Shuyiman ti kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gba lẹ́tà náà. Bàbá wa kú ní 2012.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìyá yín mọ̀ nìyí: kì í ṣe inú ìkórìíra nìkan ni àwọn ọmọ wa kú sí. Àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn wà níbẹ̀ tó mọ̀ pé ọmọ ẹni kan ni wọ́n.

Ajíṣafẹ́_kọ:

Mo bá mọ̀lẹ́bí kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi. Ogun ta ni wọ́n lọ jà? Kí ni Jàpáànù ṣe fún ọmọ Ìsẹ́yìn? Àwọn ará Ìsẹ́yìn àti Òkèihò kan náà ló dìde sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1916 torí ìwà ìyanjẹ àwọn tí ìjọba fi ṣe olórí lé wọn lórí. Wọ́n fi ìbọn tẹ̀ wọ́n lórí ba, wọ́n so àwọn kan kọ́. Kò tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n wá kó ọmọ àwọn yẹn lọ kú fún ọba Gẹ̀ẹ́sì. Kí la fẹ́ máa ṣe ìrántí rẹ̀ fún? Ìyà la fẹ́ máa yìn ni?

TíṣàÀgbà kọ:

Ọmọ mi Ajíṣafẹ́, ohun tẹ́ ẹ sọ nípa 1916 òótọ́ ni, ó sì dára tẹ́ ẹ gbé e wá síbí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ya ogun sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó kú sí i. Ìyá yẹn kò bèèrè pé ta ló jàre lógun. Bàbá rẹ̀ ló ń wá.

Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ohun tó máa ràn yín lọ́wọ́ nínú ìbínú yín, torí ìbínú yẹn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn ogun àkọ́kọ́, 1914 sí 1918, nígbà tí wọ́n kó alárù àti ṣọ́jà láti ilẹ̀ wa lọ sí Kamẹrúùnù àti Ìlà-oòrùn Áfíríkà, àjọ tó ń tọ́jú ibojì béèrè lọ́wọ́ àwọn ìjọba amúnisìn pé báwo ni kí wọ́n ṣe ṣèrántí àwọn òkú. Gómìnà Gold Coast, Guggisberg, fèsì ní 1923 pé ọmọ ilẹ̀ náà lásán kò ní mọ ìtumọ̀ òkúta ibojì, kò sì ní mọyì rẹ̀. Nítorí irú èsì bẹ́ẹ̀, wọ́n fi ọ̀pọ̀ sílẹ̀ láìkọ orúkọ wọn síbi kankan. Ní oṣù Kẹrin 2021, àjọ náà fúnra rẹ̀ gbé ìròyìn jáde, ó ní ó kéré tán, 116,000 òkú ogun àkọ́kọ́ yẹn, ó sì lè tó 350,000, ni wọn ò fi orúkọ ṣèrántí tàbí tí wọn ò ṣèrántí rárá, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Áfíríkà àti Aṣíà Ìwọ̀-oòrùn. Mínísítà ètò ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dúró ní ilé aṣòfin wọn, ó tọrọ àforíjì.

Nítorí náà, àwa tá a bá ní ká má ṣe ìrántí wọn, ọ̀rọ̀ Guggisberg la gbà lẹ́nu ẹ̀ sọ yẹn. Ká kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ni ìdáhùn tó tọ́ sí i.

Ajíṣafẹ́_kọ:

Mo gbọ́, sà. Mi ò mọ̀ nípa ìròyìn yẹn. Ká kọ orúkọ wọn, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ká tún kọ bí wọ́n ṣe mú wọn lọ sábẹ́ orúkọ náà. Ìyẹn ni mi ò fẹ́ kó sọnù.

AlákétuPobè kọ:

Ẹ kú àsìkò yìí láti ìhà Bẹ̀nẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, Faransé ló ń kó wọn. Nígbà ogun 1914, wọ́n ń bu iye ọmọkùnrin tí abúlé kọ̀ọ̀kan máa mú wá. Àwọn ará Ọ̀họ̀rí kọ̀, wọ́n bá Faransé jà nínú ilẹ̀ àbàtà wọn. Ní Kétu, ọ̀pọ̀ ìdílé kó ẹrù lóru, wọ́n sọdá ààlà lọ sí Mẹ́ko lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n má bàa rí ọmọ wọn mú. Títí dòní, ẹ lè rí ẹbí kan tí apá kan ń gbé Kétu tí apá kejì ń gbé Mẹ́ko. Ìsá fún ogun ló dá wọn sí méjì.

Àwọn tí wọn ò rí ibi sá sí di ṣọ́jà, ìjọba Faransé sì ń pe gbogbo wọn ní ọmọ ogun Senẹ́gà, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Kétu. Ìyá ìyá mi a máa dárúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn kan tó lọ tí kò dé. Kò sẹ́ni tó gbé ìwé kankan wá fún wọn rí. Mò ń ka ohun tí Tíṣà kọ, mò ń ronú ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ tiwa.

ỌmọṢọ́jà_Ṣakí kọ:

Bàbá tó bí bàbá mi lọ, wọ́n sì bọ̀. 1946 ni wọ́n dé. Bàbá Bọ́má ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n títí wọ́n fi kú. Mo jókòó tì wọ́n dáadáa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n sọ fún mi nípa àwọn tó kú, ó lè wúlò fún ìyá wa.

Wọ́n ní ọkọ̀ kò lè wọ ibi tí wọ́n ti jà. Orí ni wọ́n fi ń ru gbogbo nǹkan: ọta, oúnjẹ, rédíò, títí kan ẹni tó bá fara gbọgbẹ́. Ìdí tí wọ́n fi kó ọmọ Áfíríkà wá gan-an nìyẹn, pé wọ́n mọ ẹrù rù. Bàálù ló ń já oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn pẹ̀lú agbòòrùn aláṣọ, ìgbà mìíràn ọ̀tá ló ń kọ́kọ́ dé ibi tó bọ́ sí. Òjò níbẹ̀ kì í dá. Eṣúṣú a máa wọlé láti ibi okùn bàtà, ẹsẹ̀ á kún fún ẹ̀jẹ̀ láìmọ̀. Ibà pa àwọn kan tí ìbọn ò bà rárá.

Mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń sin àwọn tó bá kú sí. Wọ́n ní ẹ̀bá ọ̀nà ni. Àwọn tó bá mọ̀ ọ́n á fi àdá wa ilẹ̀, wọn á kó ewé sí i, Mùsùlùmí á kírun, onígbàgbọ́ á gbàdúrà, wọ́n á fi igi sàmì, wọ́n á sì máa lọ torí kò sí àyè ìdúró. Tí òjò ọdún méjì bá rọ̀ sórí igi bẹ́ẹ̀ nínú igbó yẹn, kò sí nǹkan tó máa kù. Ìdí tí orúkọ fi pọ̀ lára òpó Taukkyan ju ibojì lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n sin wọ́n. Bàbá mi àgbà a máa tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tí ọwọ́ àwọn bá ti tó òkú rẹ̀, àwọn ò jù ú sílẹ̀. Ẹ sọ èyí fún ìyá wa.

ÌyáÌbejìPeckham kọ:

Mo ka gbogbo èyí lálẹ́ àná, omijé ò jẹ́ kí n fèsì.

Nílé tiwa ní Èkìtì, ogun Bàífírà ló mú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ. Ọdún 1968. Ọ̀gá rẹ̀ kan ló wá sílé lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ó mú irun orí àti èékánná wá nínú ìwé tí wọ́n dì bí ẹ̀bùn. Àwọn àgbà gbẹ́ ilẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sin ín bí wọ́n ṣe ń sin òkú, wọ́n sun rárà, wọ́n ka oríkì rẹ̀. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, ṣùgbọ́n ìyá mi rí nǹkan sin. Ó sunkún títí, lẹ́yìn náà ó padà sọ́jà. Mo mọ̀ pé ìyá Àlàbí kò rí ìyẹn. Kò rí irun, kò rí èékánná, kò rí ọ̀gá kankan tó jókòó sọ fún un pé ibi báyìí ló wà nígbà tó ṣẹlẹ̀. Mi ò lè dá a lẹ́bi pé ó kọ̀. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń dùn mí jù. Ta ló ń sunkún fún un ní gbogbo ọdún yẹn?

Ọmọ mi ỌmọÒkèÒgùn, kí ni ìyàwó náà sọ nípa rẹ̀ kí ó tó kú?

ỌmọÒkèÒgùn kọ:

Ẹ ṣeun, mà. Wọn kì í sọ púpọ̀. Ìyá wa àgbà ní ohun tí ìyá àwọn máa ń sọ ni pé Àlàbí mọ òwú gbọ̀n, pé ọwọ́ rẹ̀ yá, àti pé ó bínú kúrò nílé lọ́jọ́ tó lọ torí iyọ̀ kò tó nínú ọbẹ̀. Iyọ̀ wọ́n gan-an nígbà ogun yẹn. Gbogbo ayé wọn ni wọ́n fi ń kábàámọ̀ ọbẹ̀ yẹn. Bí wọ́n bá ń se ọbẹ̀, wọ́n á máa tọ́ ọ wò léraléra, a ò mọ ìdí rẹ̀ nígbà tá a wà lọ́mọdé.

ÀdùkẹMọ́kọ́lá kọ:

Ọlọ́run ó dẹ ilẹ̀ fún wọn. Ẹ rí ìwé owó oṣù náà?

ỌmọÒkèÒgùn kọ:

A rí i, ìyẹn ni mo ṣe pẹ́ kí n tó padà wá. Inú àpótí páànù ìyá rẹ̀ ló wà, lábẹ́ ìró òfì méjì. Ikán ti jẹ apá òsì. Ibi tí nọ́ńbà wà, NA ti lọ, nọ́ńbà méjì ìkẹyìn ló ṣì hàn: 4 àti 7.

Mo wọ ojú-òpó CWGC bí Tíṣà ṣe wí. Orúkọ ìdílé wa kò gbé nǹkan kan jáde. Nígbà tí mo fi Ìsẹ́yìn ṣe orúkọ bàbá, tí mo sì yọ N ìkẹyìn kúrò, àwọn méjì jáde. Orúkọ àbísọ kan náà, ìlú kan náà, ẹgbẹ́ ológun Nàìjíríà ni àwọn méjèèjì, orúkọ àwọn méjèèjì wà lára òpó ìrántí ní Taukkyan. Ọ̀kan kú ní 1944, èkejì ní ìbẹ̀rẹ̀ 1945. Nọ́ńbà èyí tó kú ní 1945 ló parí sí 47.

Mo tẹ ìwé náà jáde, mo gbé e lọ bá ìyá wa. Mo ka a fún wọn. Mo fi àwòrán àwọn òpó náà hàn wọ́n lórí fóònù, wọ́n sì béèrè bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Mo ní ó mọ́, àwọn tó ń gé koríko wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n ka orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé èkejì ńkọ́? Mo ní èyíinì kì í ṣe tiwa, mà, nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n ní òun náà ò ha ní ọmọ? Wọ́n ní nígbà tí ààfáà bá wá ṣe fídáù, kí wọ́n pe àwọn méjèèjì, kí wọ́n sì ṣe sàráà fún àwọn méjèèjì, torí ó lè jẹ́ pé nílé èyíinì náà, ẹnì kan kọ̀ láti ṣọ̀fọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ la fi í sí. Àwọn ọmọ bàbá mi àgbà ń wálé láti Èkó àti Ìlọrin. Wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kí a kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri ilé, nínú símẹ́ǹtì, bí ó ṣe ń jẹ́ gan-an, kì í ṣe bí akọ̀wé ṣe kọ ọ́. Ajíṣafẹ́, a máa kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé 1942 ni wọ́n mú un lọ.

TíṣàÀgbà kọ:

Ẹ kú orí ire. Ẹ kọ̀wé sí àjọ náà. Wọ́n máa ń gba àtúnṣe orúkọ bí mọ̀lẹ́bí bá ní ẹ̀rí. Fọ́tò ìwé owó yẹn, pẹ̀lú nọ́ńbà méjì tó kù, ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ikán tún dé ibi tó kù.

Ajíṣafẹ́_kọ:

Ẹ ṣeun. Màá wá sí fídáù náà bí ẹ bá gbà mí láàyè. Mo ń gbé Ìsẹ́yìn.

ỌmọṢọ́jà_Ṣakí kọ:

Ẹ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹni kejì yẹn. Bàbá mi àgbà ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ wọkọ̀ ojú omi, ará oko kan lọ́nà Òkèihò, tó kú ṣáájú òjò 1944. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè é àti èyí tó wà nínú ìwé yín, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìkan náà ni. Ẹ má kọ ọ́ síbí. Ẹ fi ránṣẹ́ sínú àpótí mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mọ ilé wọn, màá ní kó lọ béèrè lọ́jọ́ ọjà.